Máìlì mélòó ni òfin Amẹ́ríkà gbà kí awakọ̀ tírélà rìn lọ́sẹ̀ kan? Wọ́n ní kí n máa retí 4,000

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lójú títì, Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa lọ, á máa ṣọ́ wa bọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba CDL mi (ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ ńlá) ni, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, Houston níbí ni mo ń gbé. Kọ́ńpìnì kan pè mí lánàá, arábìnrin tó ń bá wọn gba awakọ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní sẹ́ǹtì 52 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, ó wá ní kí n máa retí máìlì 4,000 lọ́sẹ̀, èmi nìkan nínú ọkọ̀ o. Mo ṣírò ẹ̀, ó lé ní 2,000 dọ́là lọ́sẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó orí. Inú ìyàwó mi dùn, ṣùgbọ́n ọkàn tèmi ò balẹ̀. Níbi tí a ti kọ́ṣẹ́ wọ́n kọ́ wa ní wákàtí 11, wákàtí 14, wákàtí 70, mo yege nínú gbogbo ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ iye máìlì téèyàn ò gbọdọ̀ kọjá fún wa. Ṣé òfin tiẹ̀ dá iye kan lọ́sẹ̀? Tí mo bá rin 4,000, ṣé wọn ò ní dá mi dúró níbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ kí n tó buwọ́ lùwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Àgbà_I10

Àbúrò, kú oríire ìwé ọkọ̀ o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tó o bèèrè gan-an: òfin ò ka máìlì rárá, wákàtí ló ń kà. Kò síbì kankan nínú òfin àwọn FMCSA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọkọ̀ akẹ́rù) tí wọ́n ti kọ ọ́ pé awakọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá máìlì báyìí lọ́sẹ̀. Ohun tó bá jáde nínú wákàtí ẹ ni máìlì ẹ.

Tó o bá ti sinmi wákàtí 10 láìdá, o ní wákàtí 11 tó o lè fi wakọ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, 11 yẹn gbọ́dọ̀ ti parí kí wákàtí 14 tó pé. Aago 14 yìí kì í dúró de èèyàn, o jẹun o, o wẹ̀ o, o jókòó síbi ìkẹ́rù o, ó ń lọ ni (ọ̀nà kan wà tó fi máa ń dúró, a máa dé ibẹ̀). Tó o bá ti wakọ̀ fún wákàtí 8 lápapọ̀, o gbọ́dọ̀ sinmi wíwakọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó o tó tún máa lọ, láti September 2020 ni wọ́n sì ti gbà pé kódà kó o máa rọ epo lásìkò yẹn, ó kà. Èyí tó wá kan ọ̀sẹ̀ ni 70. Láàárín ọjọ́ 8, gbogbo iṣẹ́ tó o ṣe, wíwakọ̀ àti àìwakọ̀, tó bá ti pé wákàtí 70, o ò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Kọ́ńpìnì tí kì í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ọ̀sẹ̀, 60 láàárín ọjọ́ 7 ni tiwọn. Tó o bá sinmi wákàtí 34 lọ́wọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ padà sí òdo, o bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ó yá, bá mi pín 4,000 yẹn. Ọkọ̀ kọ́ńpìnì, wọ́n á ti so ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ máìlì 65 ní wákàtí kan, òmíràn ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 65 ojú dashboard kọ́ lo máa fi pín in, torí o máa gba àárín ìlú kọjá, o máa gun òkè pẹ̀lú ẹrù, wọ́n máa ń ṣe ọ̀nà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà, tó o bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ ìrìn ọjọ́ kan kì í ju 50 sí 55 lọ ní wákàtí kan. Pín 4,000 sí 55, ó lé ní wákàtí 72. 70 péré sì lòfin fún ẹ fún gbogbo iṣẹ́. Ká tiẹ̀ ní Ọlọ́run bá ẹ ṣe é tó ń lọ ní 60 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wákàtí 66 àti ìṣẹ́jú 40 ni wíwakọ̀ nìkan máa gbà, á wá ku wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú fún gbogbo ọ̀sẹ̀ láti yẹ ọkọ̀ wò, rọ epo, so tírélà, dúró de ẹrù. Ta ló ń rí bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹni tó ṣèlérí 4,000 fún awakọ̀ kan ṣoṣo, yálà kò mọ iṣẹ́ yìí tàbí kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán.

Ẹkùn_SanAntonio

Òótọ́ lẹ sọ ẹ̀gbọ́n, àmọ́ kí àbúrò má lọ rò pé máìlì tó pọ̀ ò ṣeé rìn láìrú òfin o. Mo ti ṣe 3,300 lọ́pọ̀ ìgbà. Houston sí Los Angeles lórí I-10, bíi 1,550 ni àlọ, kí n já tírélà sílẹ̀, kí n so òmíràn tó ti kún dè mí, kí n yíjú padà, àlọ àbọ̀ ti di bíi 3,100, tí wọ́n bá tún ní ẹrù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston mo mú un mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ojú ọ̀nà kan gbọọrọ, mi ò dúró de ẹni tó ń kó ẹrù, lápá ìwọ̀ oòrùn Texas 80 ni wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù, kò sí ẹni tó ń dí mi lọ́nà. Tó o bá wá wọ California, 55 ni òfin ibẹ̀ fún tírélà, wákàtí tó o kó jọ lẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ẹ lọ síbi mẹ́ta mẹ́rin lójúmọ́ ò lè mú 3,000 jáde láé, bó ti wù kó o sáré tó.

Ìyá_Ìbejì_Dallas

Ẹ ṣé gan-an ni. Obìnrin lèmi, ó ti di ọdún kẹfà tí mo ti ń wakọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe tèmi torí ó yàtọ̀ sí tàwọn bọ̀ọ̀dá wọ̀nyí. Mi ò kí ń gba wákàtí 34 yẹn àfi tí mo bá wà nílé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Recap ni mò ń lò. Ẹ pín 70 sí ọjọ́ 8, ó máa fún yín ní wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú 45. Tí mo bá fi wákàtí mẹ́jọ wakọ̀, tí mo fi ìṣẹ́jú 45 yẹn yẹ ọkọ̀ wò, rọ epo, gba ìwé ẹrù, 70 mi ò ní tán láéláé, torí tó bá ti di ọ̀gànjọ́ òru iye tí mo lò lọ́jọ́ kẹjọ sẹ́yìn á padà sọ́wọ́ mi. Mẹ́jọ lọ́nà 55, ó jẹ́ 440 lójúmọ́. Lọ́nà ọjọ́ méje, 3,080. Mi ò sáré, mi ò jí ní aago mẹ́ta òru kí ojú mi máa ta.

Ẹni tó ń fi 11 wakọ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà ti jẹ 66 kó tó ka àyẹ̀wò ọkọ̀ àti epo mọ́ ọn. Lọ́jọ́ keje kò sí ohun tó ṣẹ́kù fún un mọ́, á páàkì sí truck stop fún wákàtí 34, á máa ra oúnjẹ olówó gọbọi. Ẹ ká ní ó yọ wákàtí mẹ́jọ fún gbogbo iṣẹ́ tí kì í ṣe wíwakọ̀ kúrò nínú 70, ó ku 62, ẹ sọ ọ́ di 55 lọ́nà 62, ó jẹ́ 3,410. Òkè téńté ni mo ka ìyẹn sí fún èèyàn kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àfi tí ẹnikẹ́ni ò bá dá ẹ dúró ni o. Ní ti ojú ayé, láàárín 2,500 sí 2,800 ni ọ̀pọ̀ nínú wa tí mo mọ̀ wà.

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston

Ẹ ṣé o, àǹtí mi. Ẹ ní tí ẹnikẹ́ni ò bá dá èèyàn dúró. Kí ló ń dá yín dúró tó bẹ́ẹ̀ tí 3,400 fi ń di 2,500?

Ọmọ_Ọ̀yọ́_ATL

Ibi ìkẹ́rù ni, àbúrò mi. Ibi ìkẹ́rù!

Jẹ́ kí n sọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún ẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 5:30 ìdájí, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, mo gbá taya, mo yẹ bíréèkì wò, mo gbéra. Mo dé ilé ìkẹ́rù kan nítòsí Memphis ní 6:40, aago méje ni wọ́n fún mi. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì gba nọ́ńbà ẹrù lọ́wọ́ mi, ó nawọ́ ẹ̀rọ kékeré kan sí mi, ó ní tó bá ti ń tan iná pupa kí n fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ ilẹ̀kùn 34. Mo gbé e sórí dashboard. Mò ń wo ẹ̀rọ yẹn, mò ń wo ELD, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń ka wákàtí iṣẹ́ wa. Aago mẹ́jọ lù, mẹ́sàn-án lù, mo lọ bèèrè, ó ní ẹrù ò tíì délẹ̀. Aago mọ́kànlá mo tún lọ, ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ mí. Aago kan ọ̀sán géérégé ni iná yẹn tó tàn. 2:15 ni wọ́n tó kó ẹrù tán. Mo wo aago, 14 mi ti ku wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 15, bẹ́ẹ̀ sì rèé wákàtí 10 ṣì wà nínú 11 tí mo fi ń wakọ̀ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Nǹkan bíi máìlì 250 ni mo rìn kó tó di 7:30 alẹ́, mo páàkì. 500 ló yẹ kí n rìn lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo wákàtí tí mo fi jókòó yẹn, on duty (pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́) ni mo gbé e sí, ó tún jẹ nínú 70 mi.

Ẹ wá ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan.

Àgbà_I10

Ọmọ Ọ̀yọ́, ó dùn mí fún ẹ, torí ọjọ́ yẹn ò yẹ kó bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀nà kan wà tí 14 fi máa ń dúró. Sleeper ni, ìyẹn ibi ìsùn tó wà lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Òfin gbà kó o pín wákàtí 10 ìsinmi sọ́nà méjì: ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó wákàtí 7 kó sì jẹ́ inú sleeper gan-an, ìkejì gbọ́dọ̀ tó wákàtí 2, ó lè jẹ́ sleeper, ó lè jẹ́ off duty (pé o ò sí lẹ́nu iṣẹ́), kí méjèèjì sì pé 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí méjèèjì bá ti pé, wọn ò ní ka ìkankan nínú wọn mọ́ 14 ẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ tìẹ yẹn ṣe é. 6:40 sí aago kan, wákàtí mẹ́fà àti ogún ìṣẹ́jú. Ká ní o wọ sleeper lọ sùn, tó o sì gbé e sí sleeper lórí ELD, tí wọn ò ní kó o dúró ti ọkọ̀ tàbí kó o bá wọn ṣe nǹkan kan, 14 ẹ máa dúró. Nígbà tí wọ́n fi kó ẹrù tán ní 2:15, ohun tó o ti lò nínú 14 ò ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 25 lọ: kí o tó dé ibẹ̀, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láti aago kan sí 2:15, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. O ṣì ní wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 35. Wákàtí 10 tí o kù láti fi wakọ̀, gbogbo ẹ̀ ni wàá rí lò, pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìsinmi láàárín, wàá parí ní bíi ìṣẹ́jú 45 kọjá aago méjìlá òru. Lẹ́yìn náà o gbọ́dọ̀ wọ sleeper fún wákàtí 7 ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èyí tó o sùn lọ́sàn-án ò ní kà, ó ti di pé o rú òfin nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdajì kejì o. Tó o bá jí lẹ́yìn wákàtí 7 yẹn, wọ́n máa tún aago ẹ kà láti òpin ìsinmi àkọ́kọ́, ìyẹn aago kan ọ̀sán. O ti wakọ̀ fún wákàtí 10 látìgbà yẹn, nítorí náà wákàtí kan péré ló kù fún ẹ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fáwọn ọmọ tí mo ń kọ́ pé nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n kúkú sùn pé 10 kí gbogbo ẹ̀ padà tuntun. Tó ò bá sì rí oorun sùn nínú ariwo forklift yẹn, má tìtorí pé ìwé gbà ọ́ kó o wakọ̀ wọ òru o. ELD ò mọ̀ bóyá o sùn tàbí ńṣe lo dùbúlẹ̀ tí ò ń wòkè.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_ATL

Ọdún méjì ni mo ti ń wakọ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó fi nọ́ńbà ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rí. Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n, mo ti ya fọ́tò ẹ̀.

Manchester_Adé

Mo ń ka èyí láti England, ẹnu yà mí. Níbí, wákàtí 9 la lè wakọ̀ lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ a lè sọ ọ́ di 10. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, ìṣẹ́jú 45 ìsinmi, dandan ni. Ọ̀sẹ̀ kan ò gbọdọ̀ kọjá 56, ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra ò gbọdọ̀ kọjá 90, ìyẹn ni pé tó o bá lo 56 lọ́sẹ̀ yìí, 34 ló kù fún ẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n so ọkọ̀ wa mọ́ 56 máìlì ní wákàtí kan, káàdì tákógíráàfù ló ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí ni kọ́ńpìnì tèmi fi ń sanwó fún mi, kì í ṣe máìlì. Tí wọ́n bá dá mi dúró níbi ìkẹ́rù fún wákàtí márùn-ún, owó mi ń wọlé, ọkàn mi balẹ̀. Lójú tèmi o, sísan owó lórí máìlì yẹn ló ń ti àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà sínú eré.

Calgary_ỌmọÈkìtì

Ẹni tó bá ń sọdá láti Canada, kí ó ṣọ́ra ẹ̀ ní bọ́dà. Níbí, wákàtí 13 la fi ń wakọ̀ lójúmọ́, 70 láàárín ọjọ́ 7 ni cycle kìíní (ètò kíka wákàtí àkọ́kọ́), wákàtí 36 la sì fi ń tún un bẹ̀rẹ̀. Tó o bá ti sọdá sí Montana, ti Amẹ́ríkà ló mú ẹ, 11 ni, wọn ò fẹ́ mọ̀ pé Calgary lo ti gbéra.

Ìyàwó_Awakọ̀_Maryland

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo dá sí i, èmi ò wakọ̀, ọkọ mi ni. Lóṣù kejì, bíi aago mọ́kànlá alẹ́, ó páàkì sí ibi ìsinmi kan lójú ọ̀nà, ó ti lo 11 ẹ̀ tán, à ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Dispatcher wọn, ẹni tó ń pín ẹrù fún awakọ̀, pè, ọkọ mi so ìpè pọ̀ láìmọ̀, mo sì ń gbọ́. Ó ní kó sún síwájú díẹ̀ sí i, kó kàn tẹ personal conveyance (pé ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ló ń wakọ̀ lọ ṣe, kì í ṣe iṣẹ́), máìlì 90 péré ni, oníbàárà ń dúró. Ọkọ mi ní ó ti rẹ òun. Ó ní ṣé ó fẹ́ ṣiṣẹ́ ni àbí kò fẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní Bàbá Tòmíwá, ẹ má gbéra, ẹ sùn. Ó sùn. Ọjọ́ méjì gbáko lẹ́yìn ìyẹn wọn ò fún un lẹ́rù kankan, ó kàn jókòó síbẹ̀, owó ilé sì ti ń tó san. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Dallas

Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́, arábìnrin mi. Ẹ ṣeun tí ẹ dá a dúró lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Personal conveyance wà fún kéèyàn wa ọkọ̀ lọ jẹun, tàbí kó kúrò níbi ìkẹ́rù lọ wá ibi tó fọkàn balẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù láti sùn nígbà tí wákàtí ẹ̀ ti tán. Kí wọ́n máa fi gbé ẹrù sún mọ́ oníbàárà, kò sí nínú ẹ̀. Iṣẹ́ ni ìyẹn.

Láti January 2016 ni òfin kan ti wà tó ní kọ́ńpìnì, ẹni tó ni ẹrù, ẹni tó ń gba ẹrù, àti alágbàátà ò gbọdọ̀ fipá mú awakọ̀ rú òfin wákàtí tàbí kí wọ́n fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ọkọ yín ní láti ṣe nígbà tó bá ń ṣẹlẹ̀ ni kó sọ ọ́ jáde, kó má kàn ní ó rẹ òun. Kó kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí fóònù: wákàtí 11 mi ti tán, tí mo bá wakọ̀ òfin ni mo rú, mi ò lè wà á. Kó tọ́jú ìdáhùn wọn. Ó ní ọjọ́ 90 láti fẹjọ́ sun FMCSA. Èyí tí wọn ò fún un lẹ́rù yẹn, tó bá jẹ́ pé ẹ̀san ni wọ́n fi ń gbà, OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, ló ń gbọ́ irú ẹ̀, ọjọ́ 180 ni wọ́n fún èèyàn. Ẹ tètè ka ọjọ́ yín láti oṣù kejì, ẹ má jẹ́ kó kọjá.

Nǹkan míì wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: òfin tún ní kọ́ńpìnì ò gbọdọ̀ ṣètò ìrìn-àjò tó jẹ́ pé àfi kí awakọ̀ sáré kọjá ohun tí bọ́ọ̀dù wí kó tó lè dé lásìkò. Tí wọ́n bá gbé ẹrù fún mi, mo máa ń pín máìlì ẹ̀ sí 50 kí n tó gbà á. Tí kò bá bá wákàtí mi mu, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn lójú ẹsẹ̀ pé aago báyìí ni mo máa dé, kì í ṣe aago tí wọ́n kọ.

Àgbà_I10

Ohun tí àǹtí sọ yìí, ẹ mú un ní dandan. 1999 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Nígbà yẹn wákàtí 10 la fi ń wakọ̀, mẹ́jọ la fi ń sinmi, ìwé la fi ń kọ lọ́ọ̀gì, pẹ̀lú rúlà àti bírò. January 2004 ni 11 àti ìsinmi 10 dé. Ìwé yẹn rọrùn láti parọ́ sí, mo mọ àwọn tó ń gbé ìwé méjì, ọ̀kan fún ọlọ́pàá, ọ̀kan fún kọ́ńpìnì. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Abẹ́òkúta, rin 4,000 yẹn lọ́sẹ̀ dáadáa, ó ń pọ́n ara ẹ̀ lé fún wa níbi tí a ti ń jẹun. Ní 2002 oorun gbé e lọ lórí I-20 nítòsí Shreveport, lọ́sàn-án gangan. Ọkọ̀ wọ inú igbó, ó já igi mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé ẹ̀, ó mọ́ fínnífínní, ó ní òun ti sùn wákàtí mẹ́jọ lóru ọjọ́ yẹn. Kò kú, ọpẹ́ ni, àmọ́ títí di òní ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ ò ṣeé tẹ̀ dáadáa.

Láti December 2017 ELD ti gba ibẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti tó máìlì 5 ní wákàtí kan, ó ti kọ ọ́ pé ò ń wakọ̀, o ò lè pa á rẹ́. Tí ẹnì kan ní kọ́ńpìnì bá fẹ́ bá ẹ yí nǹkan padà nínú lọ́ọ̀gì ẹ, ìwọ lo máa gbà tàbí kó o kọ̀, má tẹ gbà láìkà á.

Ẹkùn_SanAntonio

Àbúrò, nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Bi wọ́n irú máìlì tí wọ́n fi ń sanwó. Ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnì ló ń san láti ìlú sí ìlú lórí máàpù wọn, tàbí láti zip code sí zip code, kì í ṣe ohun tí taya ẹ yí. Èmi ti rin 1,120 lórí ọkọ̀ tí wọ́n sì san 1,055 fún mi. Ó lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ kó o ṣírò ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bi wọ́n bákan náà pé, tí wọ́n bá dá ẹ dúró níbi ìkẹ́rù, lẹ́yìn wákàtí mélòó ni owó ìdúró bẹ̀rẹ̀, ṣé wọ́n sì ń san án fún awakọ̀ àbí kọ́ńpìnì ló ń gbà á mì. Má bi wọ́n pé mélòó lèèyàn lè rìn. Sọ pé kí wọ́n fi ohun tí awakọ̀ wọn mẹ́wàá rìn ní oṣù tó kọjá hàn ẹ́.

Tó bá sì jẹ́ inú Texas nìkan ni wọ́n fẹ́ kó o máa rìn, tí ẹrù náà ò ti ìta wá, òfin ìpínlẹ̀ gbà 12 dípò 11, ó sì gbà 15 dípò 14, ìsinmi wákàtí mẹ́jọ ni, àmọ́ 70 láàárín ọjọ́ 7 ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Má ṣe da méjèèjì pọ̀.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_ATL

Ìgbà yìnyín ńkọ́ ẹ̀gbọ́n? I-80 ní Wyoming fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ní oṣù kìíní, wọ́n ti ọ̀nà, mo jókòó fún wákàtí mẹ́ta.

Àgbà_I10

Tó bá jẹ́ ohun tí o ò lè mọ̀ kó o tó gbéra, ìjì yìnyín tó dé lójijì, ìjàǹbá tó dí ọ̀nà pa, òfin fi wákàtí 2 kún 11 ẹ àti 14 ẹ kó o lè parí ìrìn yẹn tàbí kó o dé ibi tó dára. Kò fi kún 70 o. Go-slow aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní Atlanta kò sí nínú ẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ń bọ̀. Kọ ìdí ẹ̀ sínú ELD lójú ẹsẹ̀.

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àǹtí mi, mo dé. Mo pè wọ́n lónìí, mo béèrè gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi, mo kọ ọ́ sínú ìwé kí n má gbàgbé. Arábìnrin yẹn dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní 4,000 yẹn, ti èèyàn méjì nínú ọkọ̀ kan ni, ìyẹn ni pé ẹnì kan á máa sùn, ẹnì kejì á máa wakọ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀ lánàá. Mo ní kó fi iye tí awakọ̀ kan ṣoṣo rìn hàn mí, ó ní òun á padà pè mí, kò tíì pè.

Àgbà_I10

Ó tún burú sí i. Èèyàn méjì, olúkúlùkù ní 11 tiẹ̀ àti 70 tiẹ̀, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dúró, 5,000 sí 6,000 lọ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń rìn, kì í ṣe 4,000. Tí wọ́n bá sì ń san sẹ́ǹtì 52 yẹn fún méjèèjì pa pọ̀, 26 ló máa kàn ẹ́. Fi wọ́n sílẹ̀.

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston

Mo ti fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì mú mi lọ sí kọ́ńpìnì míì lánàá, wọ́n kéré, ọkọ̀ 22. Wọ́n ṣí ìwé fún mi, awakọ̀ wọn ń rin láàárín 2,400 sí 2,650, sẹ́ǹtì 49, lẹ́yìn wákàtí méjì níbi ìkẹ́rù owó ìdúró ti bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ ló ni ín. Mo máa wà pẹ̀lú trainer fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó fún mi lọ́kọ̀. Ìyàwó mi bojú jẹ́ díẹ̀ nígbà tó gbọ́ iye ẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ ìyàwó awakọ̀ Maryland hàn án lórí fóònù mi, ó kà á, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní kí n máa pe òun lálaalẹ́ tí mo bá ti páàkì.

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston

Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje tí mo kọ èyí tó kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí èmi nìkan wakọ̀ parí lánàá: 2,380. Laredo, Dallas, Little Rock, mo padà. Ilé ìkẹ́rù kan ní Little Rock dá mi dúró fún wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀, mo gbé ELD sí sleeper, mo ti kọ́tìnnì, mo sùn wọra. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tún sùn wákàtí 10 pé. Wákàtí mọ́kànlá àti ìṣẹ́jú 20 ló ṣẹ́ kù nínú 70 mi.

Ìyá_Ìbejì_Dallas

Kú iṣẹ́, ọmọ dáadáa. Nígbà míì tó o bá gba Dallas kọjá kó o jẹ́ kí n mọ̀, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta àmàlà gidi tí àyè wà fún tírélà láti páàkì.